Ẹ Jẹ́ Kí Oníbàárà Mọ Ọjọ́: Ọ̀rọ̀ Kàlẹ́ńdà Gbogbogbòò fún Ìjọ àti Ọjà Ìkòròdú



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìmọ ọjọ́ bá ti jẹ lówó rí yóò gbà pẹ̀lú wa pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, bí a ti ń ti mọ́ṣáláṣí jáde, mo rí ìyá àgbà kan tí ó jókòó sórí àga onípákó níwájú ìsọ̀ aránṣọ kan nítòsí ọjà Àyàngbùrẹ́n. Mo kí i pé, “Ẹ kú ìjókòó, ìyá wa.” Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ààfáà. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí aránṣọ yìí wà?” Ẹ̀pẹ́ ni ìyá ti wá. Láti àárọ̀ ni ó ti wọ ọkọ̀, ó gba Ìtóìkín wá sí Ìkòròdú láti gba aṣọ tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ lọ́jọ́ yìgì, yìgì náà sì di ọ̀la. Aránṣọ ti ti ìsọ̀. Ó lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ilẹ̀kùn pé òun lọ sí òde wòlímọ̀ ní Ìgbógbó, òun yóò dé lọ́la. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyá náà wò mí, ó ní, “Ààfáà, n kò bínú pé ó lọ sí òde. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá ti wá lánàá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Aránṣọ náà kò ṣe ohun tí ó burú, ó tilẹ̀ gbìyànjú, ó kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí ó ti ná owó ọkọ̀ tán ni yóò kà á.

Àwọn baba wa kò ṣe ọjà bẹ́ẹ̀. Kí Ìsìláàmù àti òyìnbó tó kó ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá bá wa (ẹ ṣáà mọ̀ pé Àtàlátà, Àlàrùbá àti Àlàmísì tí a ń pè yìí, èdè Lárúbáwá ni), ọjọ́ ọjà ni a fi ń ka ọjọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ọjà ọrún a máa padà bọ̀ ní ọjọ́ kẹrin, àwa a sì máa pè é ní ọjọ́ karùn-ún nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ èsúsú a dájọ́ ìpàdé wọn sí ìtàdógún, ẹni tí ó jẹ owó mọ ọjọ́ tí yóò san, ẹni tí yóò kó o mọ ọjọ́ tí yóò kó o. Ní Èjìnrìn, létí ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tí ọjà rẹ̀ lókìkí púpọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń ti Èkó wá, àwọn Ìjẹ̀bú ń ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tí ó tẹ ẹnì kan láago pé, “Ṣé ọjà wà lónìí?” Gbogbo ayé ni ó mọ̀.

Ẹ tún wo ti ìséde ìmọ́tótó. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fòpin sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ta ni kò mọ̀ pé ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kò sí ìrìn? A kùn sí i, a bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí ó sọ pé òun kò mọ̀.

Ní ìgbà tiwa yìí, álímánàkì ni àwọn ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, a ó tẹ ìwé ńlá, a ó fi àwòrán Lèmọ́mù Àgbà, ti Baba Àdínì àti ti Ìyá Súnnà sí i, a ó kọ oṣù méjìlá sí ìsàlẹ̀, a ó sì tà á fún ara wa. Èmi kò kẹ́gàn álímánàkì. Ó wà lára ògiri mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣe é túnṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún tiwa, ojú ọ̀run ni ó ń tọ̀.

Ẹ rántí ọdún 2024. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9, àti Ọjọ́rú, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, ni ìsinmi ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ Ajé, a wo ojú ọ̀run, oṣù kò lé. Sultan Ṣókótó, Alhaji Muhammad Sa'ad Abubakar, kéde pé kí a gba ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n, ọdún wá di Ọjọ́rú. Ìjọba sì fi Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11, kún ìsinmi. Ẹni tí ó bá ti ṣe àdéhùn ẹran fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tí ó bá ti gba owó àga àti kánópì fún ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá ti sọ fún oníbàárà pé Ọjọ́bọ̀ ni òun yóò ṣí ìsọ̀, ẹ ro iye ènìyàn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti máa pè lóru ọjọ́ Ajé yẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé WhatsApp wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Bí a bá fi ìkéde kan ránṣẹ́ ní àárọ̀, tí a sì yí i padà ní ọ̀sán, ti àárọ̀ kò kú. Yóò máa rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, yóò wọ inú àwọn ẹgbẹ́ tí a kò mọ̀, ní ọjọ́ kẹta ẹni kan yóò tún fi í ránṣẹ́ padà sí wa gẹ́gẹ́ bí ìròyìn titun. Ohun tí a ń fẹ́ kì í ṣe ìwé tí ó ń rìn kiri. Ibi kan ni a ń fẹ́, tí gbogbo ènìyàn yóò máa lọ wò, tí ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò sì jẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn nígbà gbogbo.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ti wà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Láti ọdún 2006 ni Google ti gbé kàlẹ́ńdà orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láìsan kọ́bọ̀, yàtọ̀ sí owó dátà. Bí a bá ṣí i, a lè sọ ọ́ di ti gbogbogbòò, kí ẹni tí ó bá ní líǹkì rẹ̀ lè wò ó. Oníbàárà tí kò bá fẹ́ ju kí ó wò ó lọ yóò ṣí i bí ẹni ń ka ìwé ìkéde. Èyí tí ó bá fẹ́ kí ó wọ inú fóònù òun yóò gbà á wọlé, láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí a bá yí padà ní Ìkòròdú yóò yí padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn bóyá kí fóònù máa ta á lólobó ní ọjọ́ kan ṣáájú tàbí ní wákàtí kan ṣáájú.

Àwọn ará wa kan yóò bi wá pé kí ni èyí kan ẹ̀sìn. Ó kàn án gan-an ni. Nínú Súrátù Bákárà, nígbà tí a bi Ànábì léèrè nípa oṣù tí ń lé, ohun tí Ọlọ́run fi dá wọn lóhùn ni pé fún kí ènìyàn lè mọ ìgbà, kí wọ́n sì mọ àsìkò Háàjì ni. Nínú Súrà kan náà ni ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú gbogbo Àlùkùránì wà, gbèsè ni ó sì dá lé lórí: pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì dá ọjọ́ sí i.

Kàlẹ́ńdà Híjírà tí a ń lò yìí pàápàá, ọ̀rọ̀ òwò wà nínú bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onítàn Ìsìláàmù ròyìn pé a gbé ìwé gbèsè kan wá síwájú Sàyìdínà Umar nígbà tí ó jẹ́ Kálífà. A kọ ọ́ sínú ìwé náà pé oṣù Ṣàbánì ni a ó san owó. Umar béèrè pé Ṣàbánì wo? Ṣé ti ọdún tí ó kọjá, tàbí ti èyí tí a wà nínú rẹ̀, tàbí ti èyí tí ń bọ̀? Wọ́n tún ròyìn pé Abu Musa al-Ash'ari, tí ó jẹ́ gómìnà rẹ̀, kọ̀wé ráhùn pé ìwé ń ti ọ̀dọ̀ Kálífà wá, òun kò mọ èyí tí ó ṣáájú èyí. Umar pe àwọn àgbà jọ, wọ́n sì fi ẹnu kò pé láti ìgbà tí Ànábì ti ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ni kí a máa kà á. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹtàdínlógún lẹ́yìn Híjírà, nǹkan bí ọdún 638 ti àwọn òyìnbó. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kò ha rí i pé ìbéèrè ìyá Ẹ̀pẹ́ yẹn, ọ̀gbàrà kan náà ni pẹ̀lú ìbéèrè Umar?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Damasku. Ní nǹkan bí ọdún 1371, Ibn al-Shatir, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àsìkò ìrun ní mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà, ṣe aago olóòrùn ńlá kan sí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí, kí a lè mọ àsìkò ìrun láìsí àríyànjiyàn. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ aṣọ́sìkò nígbà náà, a ń yan ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni a yàn?

Nísinsìnyí, kí ni yóò wà nínú kàlẹ́ńdà tí a ń sọ yìí? Ti ọjà ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, láti nǹkan bí aago kan títí di nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, Mùsùlùmí tí ó bá bẹ̀rù Ọlọ́run kò sí ní ìsọ̀. A ti pàṣẹ fún wa kí a fi kárà-kátà sílẹ̀ nígbà tí a bá gbọ́ ìpè, a sì ti yọ̀ǹda fún wa kí a padà lọ wá oore Ọlọ́run nígbà tí a bá kírun tán. Oníbàárà tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò mọ èyí dájú. Kí ó wà níbẹ̀. Wákàtí tí a ń ti ìsọ̀ nínú oṣù ààwẹ̀, kí ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí a ó wà ní òde, ọjọ́ tí ọjà titun yóò dé, ọjọ́ tí aránṣọ kò ní gba iṣẹ́ Ìléyá mọ́, èyí tí ó ń fa ìjà jù lọ, kí gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ orò bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìkòròdú, tí a kìlọ̀ fún àwọn obìnrin kí wọ́n má jáde, èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà kò ní sí. A kò bá wọn ṣe é. A kàn ń sọ fún obìnrin tí yóò ti Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìmọ́tà wá kí ó dúró sílé rẹ̀ ni, kí ó má bàa dé ojú ọ̀nà kó sínú wàhálà.

Ti ìjọ wá tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ bí Sọ́ńdè ti rí ní ìlú wa. Àsàlátù wà láàárọ̀. Wòlímọ̀ mẹ́ta lè bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, yìgì wà, fídáù wà, ìjọ kan ń ṣí mọ́ṣáláṣí. Ààfáà kan náà ni gbogbo wọn pè. Ẹni kan náà ni ó ń yá wọn ní àga. Alásè kan náà ni. Ìjọ kékeré tí kò lówó lọ́wọ́ ni ó sì máa ń gba ìyà rẹ̀, nítorí pé ibi tí sàrákà bá pọ̀ sí ni ààfáà yóò kọ́kọ́ lọ, ẹ má bínú sí mi. Fídáù kò ṣe é sún, òkú kì í dájọ́. Ṣùgbọ́n wòlímọ̀ ṣe é sún sí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ bí a bá ti mọ̀ láti oṣù méjì ṣáájú pé ìjọ kejì ti mú ọjọ́ náà.

Mo ti bá àwọn ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì kọ̀ fún mi ní ọ̀nà púpọ̀. Oníṣòwò kan sọ pé bí òun bá kọ ọ́ síta pé òun kò ní sí ní ìsọ̀, olè ni òun ń pè. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Google fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kàlẹ́ńdà tí a bá sọ di ti gbogbogbòò, gbogbo ayé ni ó lè rí i. Nítorí náà, ìgbà tí ìsọ̀ yóò ṣí ni kí a máa kọ, kí a má kọ ibi tí a lọ. “A ó ṣí padà ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án.” Ó tó. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé òun àti ìyàwó àti ọmọ ti lọ sí Ìlọrin fún ọjọ́ mẹ́rin, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ara rẹ̀.

Àṣìṣe tí ó burú ju èyí lọ ni kí a kọ orúkọ oníbàárà síbẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ lójú ara mi: orúkọ obìnrin, iye tí ó kù tí yóò san, ọjọ́ tí yóò wá san án, gbogbo rẹ̀ wà níta gbangba. Kì í ṣe pé olówó náà fẹ́ dójú tì í. Kàlẹ́ńdà tí ó fi ń rántí gbèsè tirẹ̀ ni ó ṣí sílẹ̀ fún ayé láìmọ̀. Àṣírí oníbàárà, àmánà ni lọ́wọ́ oníṣòwò, òfin Nàìjíríà tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023 lórí ààbò ọ̀rọ̀ nípa ẹni sì wà fún un pẹ̀lú. Nítorí náà, méjì ni kí kàlẹ́ńdà jẹ́. Ọ̀kan fún ara ẹni, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Èkejì fún oníbàárà, kí a dá a sílẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe sọ ti ara ẹni di ti gbogbogbòò láé.

Àwọn àgbà sọ pé àwọn kò ní fóònù ńlá. Ẹ kò nílò rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, kí ọmọ kan nínú ìjọ da ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kọ sórí pátákó, kí a gbé e sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kí ládàánì sì kà á lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí ó ní fóònù àti ẹni tí kò ní yóò wá gbọ́ ohun kan náà.

Ibi tí ẹ̀rù ń bà mí gan-an kì í ṣe ìwọ̀nyí. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ta ni pásíwọ́ọ̀dù yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀? A ti rí ìjọ tí akọ̀wé bínú kúrò nínú rẹ̀, tí ó kó ìwé ẹgbẹ́ lọ. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ burú jù, nítorí pé kàlẹ́ńdà yóò wà níbẹ̀, oníbàárà yóò máa wò ó, kò sì ní sí ẹni tí ó lè tún un ṣe. Bí a bá fi orúkọ ọmọkùnrin kan ṣoṣo ṣí i nítorí pé òun ni ó mọ kọ̀ǹpútà, òun ni ó ni ín, ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìjọ ṣí àpò lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ ìjọ, kí a fi ṣí kàlẹ́ńdà, kí pásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti akápò, kí a sì kọ ọ́ sínú àpòòwé kan tí a lẹ̀ pa lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Kàlẹ́ńdà náà fúnra rẹ̀ gbà kí a yọ̀ǹda fún àwọn kan láti kọ nǹkan sínú rẹ̀, kí àwọn ìyókù máa wò ó lásán. Kí ẹni tí yóò máa kọ má ju mẹ́rin lọ: méjì láti inú ìjọ, méjì láti inú ọjà, kí ọ̀kan nínú ti ọjà sì jẹ́ obìnrin. Àwọn obìnrin ni wọ́n mọ ọjọ́ ọjà jù wá lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ oṣù, a mọ̀ pé ìjọ kan ń tẹ̀ lé ìkéde Sultan, ìjọ mìíràn sì ń wo Sáúdì. Kàlẹ́ńdà kò lè parí ìjà yẹn, kí a má sì gbé e lé e lọ́wọ́. Kí a kọ ọ́ bí ó ti rí: “Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, bí oṣù bá lé,” kí a kọ ọ́ sí ọjọ́ méjèèjì tí ó lè jẹ́. Ní alẹ́ tí a bá kéde, kí a pa ọ̀kan rẹ́. Ó yẹ kí oníbàárà mọ̀ pẹ̀lú pé ọdún òṣùpá kì í ju ọjọ́ 354 tàbí 355 lọ, ìdí nìyí tí ọdún wa fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2030, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, ààwẹ̀ méjì ni yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ọdún òyìnbó kan ṣoṣo, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, èkejì ní ìparí oṣù kejìlá. Oníṣòwò dábínù tí ó bá ti mọ èyí láti ìsinsìnyí, ẹ mọ ohun tí yóò ṣe.

Nǹkan kékeré méjì kù. Ẹni tí yóò ṣí kàlẹ́ńdà náà, kí ó rí i dájú pé àsìkò Èkó ni ó yàn, nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà òtútù wọn, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn, ní ìgbà ooru wọn, a jọ dọ́gba. Bí a bá yàn án dáadáa, kàlẹ́ńdà yóò ṣe ìṣirò náà fún wọn. Èkejì ni pé fóònù tí kì í lo kàlẹ́ńdà Google lè pẹ́ wákàtí díẹ̀ kí ó tó rí ohun tí a yí padà. Fún ìdí èyí, bí nǹkan bá yí padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí aṣọ yìgì ẹnì kan sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ pè é.

Mo padà lọ bá aránṣọ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní ìyá Ẹ̀pẹ́ rí aṣọ rẹ̀ gbà, ọmọ iṣẹ́ kan tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kọjá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ṣàlàyé kàlẹ́ńdà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òun yóò ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ òun tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni yóò bá òun ṣí i nígbà tí ó bá dé fún ìsinmi. Mo béèrè ọjọ́ tí ọmọ náà yóò dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀.